Oògùn Tó Fẹ́ Gba Ohùn Ìyá Mi Lọ́wọ́ Mi

Omi ni mo kọ́kọ́ wá nígbà tí mo dé Ìlọrin. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, inú ariwo àjẹ̀ ọkọ̀ àti òórùn ẹja ni mo dàgbà sí títí mo fi di ìyàwó. Mi ò sùn síbi tí mi ò ti lè gbọ́ omi rí. Lọ́jọ́ kejì tí a dé, mo bi ọkọ mi pé níbo ni omi wọn wà. Ó mú mi lọ sódò Àsà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo rí àpáta, mo rí iyanrìn, mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi igbá ha omi láàárín àpáta bí ẹni ń ha ọbẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò.

Mo ní, "Èyí náà ni?"

Làmídì, ọkọ mi, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dúró dìgbà òjò."

Mo padà sílé, mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba àkóso ìlú náà ni. Ọba ṣì wà láàfin rẹ̀, wọ́n ṣì ń fọn kàkàkí fún un, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òyìnbó kan wà lókè ọ̀hún tí àwọn ìjòyè ń gẹṣin lọ kí láàárọ̀. Ojú irin sì ti dé. Òun ló gbé wa wá. Làmídì wà lára àwọn tó ń tún un ṣe. Wọn á kó wọn lọ sọ́nà Jẹ́bà, wọn á pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá wọn padà. Ìgbà tí kò sí nílé pọ̀ ju ìgbà tó wà nílé lọ.

Agboolé kan ní Pàkátà la wọ̀ sí. Ìyá Sàlámátù ló fún wa ní yàrá. Opó ni, ó ga, ó tín-ín-rín, iṣẹ́ aṣọ híhun ló ń ṣe. Òfì gíga rẹ̀ dúró ti ògiri lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ilé á sì jókòó yí i ká, wọn á máa ranwú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu láàárín wọn, mo ní mò ń lọ "sí ulé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí òwú fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mùsùlùmí ni mí, Mùsùlùmí ni wọ́n. Yorùbá ni mò ń sọ, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á wo ojú ara wọn ná kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ìyá Sàlámátù sọ mí ní Ará Ìsàlẹ̀. Títí tí mo fi kúrò nílé rẹ̀, kò pè mí ní orúkọ mìíràn.

Ó ní, "Ará Ìsàlẹ̀, ẹkún kì í mú òfì rìn. Wá jókòó síbí."

Bí mo ṣe di ahunṣọ nìyẹn. Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo hun wọ́ bí ìrù ajá. Ó tú u, ó ní kí n tún un hun. Mo jẹ wàrà àwọn Fúlàní, mo ní kò ní iyọ̀. Nígbà tó yá, mo ń dúró de obìnrin tó ń gbé e wá lẹ́nu ọ̀nà. Ọyẹ́ la ètè mi. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òrí pa ara kí àwọ̀ má baà funfun. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò bá mi wá. Bí mo bá ń hun aṣọ, ẹsẹ̀ mi nìkan ló wà ní Pàkátà.

Nígbà yẹn, ẹnu arìnrìn-àjò nìkan ni ọmọ fi ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Tèmi ni Ẹ̀gbọ́n Bùsárí. Àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ ló ti wá. Ó ń gbé ẹja gbígbẹ àti obì lọ sókè Ọya, bó bá sì ń kọjá lọ, á sọ̀ ní Ìlọrin, á wá jíṣẹ́ fún mi. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ í jẹ́. Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ ló ń sọ ọ́. Bí ìyá mi bá wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀, òun náà á wúkọ́.

Á ní, "Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní ṣé o ń jẹun? Ó ní òun gbọ́ pé oòrùn ibẹ̀ ń mú, kí o máa wé gèlè. Ó ní àbúrò rẹ ti bí ọmọkùnrin, imú rẹ ló gbé wáyé. Ó ní bí wọ́n bá ń bú ọ, kí o dákẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lù ọ́, kí o lù wọ́n padà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti imú yẹn sọ."

Á tún un sọ. Mi ò ní jẹ́ kó jẹun títí á fi sọ ọ́ tán. Bó bá lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń hun mọ́ aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ní àkókò òjò kejì tí a lò níbẹ̀ ni àìsàn náà dé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé eèrà ń jẹ mí lẹ́yìn. Ká tó mọ̀, roro kéékèèké olómi ti yọ, ó tò láti ẹ̀yìn yí wá sábẹ́ ọmú òsì bí ìgbànú tí kò yí ara ká tán. Ìyá Sàlámátù tọ́jú rẹ̀ títí roro náà fi gbẹ, èépá fi ṣí kúrò. Gbogbo ilé ní àlùbáríkà. Èmi náà rò pé ó ti tán.

Kò tán. Abẹ́ àwọ̀ ni iná náà kó lọ. Á dákẹ́, á tún ta mí lójijì bí ìgbà tí àkeekèé bá ta ènìyàn. Èyí tó burú jù ni pé mi ò lè fara kan aṣọ. Bí ìró bá rọra fẹ́ kàn mí níbẹ̀ báyìí, á dà bí ẹni fi ọ̀bẹ gbígbóná fá mi. Ẹ wo ahunṣọ tí aṣọ ń pa lára. Àwọn ènìyàn á wo ìhà mi, wọn á rí àpá tó ti jiná, wọn á ní, "Kí ló wá ń dùn ọ́ níbẹ̀?" Làmídì pàápàá bi mí lọ́jọ́ kan bóyá àárò ilé ló ń ṣe mí tí mo pè é ní àìsàn.  Mi ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Sàlámátù nìkan ni kò ṣiyèméjì. Ó ní, "Ìrora tí kò lójú egbò ló le jù. Ẹni tó ni ín nìkan ló ń rí i."

Ó lọ ata gbígbẹ, ó pò ó mọ́ òrí, ó ní kí n máa fi í pa ojú ibẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo pariwo débi pé àwọn aládùúgbò sáré wọlé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó ta mí tán, ìrora abẹ́ àwọ̀ náà rọlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí a bú mọ́ tó sì dákẹ́. Ó ṣe mí lóore, ó sì ni mí lára: àwọ̀ ibẹ̀ ń bó, oòrùn ọ̀sán ń sọ ọ́ di iná, bí mo bá sì gbàgbé tí mo fọwọ́ kan ojú, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn parí. Àfáà àdúgbò fún mi ní omi wàláà, omi tí a fi fọ ẹsẹ̀ Kùránì, mu, ó ṣe àdúà. Ọkàn mi balẹ̀. Ìhà mi kò balẹ̀.

Nígbà tí mi ò lè jókòó ti òfì mọ́ rárá, Làmídì mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ọmọ Ẹ̀gbá kan ló ń po oògùn níbẹ̀, ọkùnrin àgbà, ohùn rẹ̀ kò ga. Ó wo ìhà mi, kò fọwọ́ kàn án. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ nìyẹn.

Ó ní, "Iṣan ló ń dùn ọ́. Roro yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n ó ti jó iṣan tó wà lábẹ́ ibẹ̀. Mo ní oògùn olómi kan, oje ewéko tí wọ́n ń pè ní àfìyùn ló wà nínú rẹ̀. Kò ní wo iṣan náà sàn o. Á kàn jẹ́ kí o má gbọ́ igbe rẹ̀ ni. Á kùn ọ́ lóorun. Á jẹ́ kí ìgbẹ́ le mọ́ ọ nínú, ara á sì máa yún ọ. Bí o bá ń fi kún un, ara rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ rẹ̀ bí ẹni tọrọ oúnjẹ. Nítorí náà, má fi kún un láìsọ fún mi. Ṣé o ń fún ọmọ lọ́mú?"

Mo ní rárá. Ìbéèrè yẹn náà ta mí níbi tirẹ̀.

Mo kán oògùn náà sínú omi, mo mu ún. Ó korò. Mo jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo àwọn ọmọ tó ń ranwú, nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé aṣọ wà lára mi. Aṣọ wà lára mi, kò sì ta mí. Mo fọwọ́ le ìhà mi. Mo sọ pé Alihamudulilahi, mo sunkún ayọ̀. Mo sì ronú kan ìyá mi, bí mo ti máa ń ṣe. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, kò dùn mí. Ó dà bí ẹni pé ìyá ẹlòmíràn ni mò ń rò. Mo rò pé oore ni ìyẹn náà.

Fún ìgbà díẹ̀, ayé dùn. Mo ń hunṣọ, mo ń sùn, mo ń jẹun. Òótọ́ ni pé inú mi le bí òkúta, ìgbà mìíràn sì wà tí mo ń kírun tí mi ò ní mọ iye ráká tí mo ti kí. Mo lọ bi Àfáà bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni oògùn náà.

Ó ronú, ó ní, "Ọlọ́run kò fi ìrora dandan lé ọ lọ́wọ́. Ohun tí a bá lò nítorí àìsàn, tí a kò lò nítorí fàájì, mi ò lè pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrun ń fẹ́ ọkàn tó wà nílé. Wá ìgbà tí ọkàn rẹ á wà nílé."

Mo gbọ́, mo sì ń lò ó bí mo ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ara tó ti jó tẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn.

Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Bùsárí dé, mo ti mu oògùn lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo rántí fìlà rẹ̀. Mo rántí òórùn ẹja tó bá a wọlé, àti pé ó jókòó sórí àpótí, ó sì dijú bó ti máa ń dijú bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyá mi. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó jẹun, ó dìde, ó ní ọkọ̀ ojú irin kò ní dúró de òun, ó lọ.

Nígbà tí ojú mi là, oòrùn ti ń wọ̀. Mo jókòó, mo ní kí n mú ọ̀rọ̀ ìyá mi jáde kí n gbọ́ ọ dáadáa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá a bí ẹni ń fọwọ́ wá nǹkan nínú omi dúdú. Ẹnu Ẹ̀gbọ́n Bùsárí ń mì, ohùn kò jáde.

Mo sáré bá Ìyá Sàlámátù. "Ìyá, kí ni ó sọ? Kí ni ìyá mi ní kí ó sọ fún mi?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mo bọ́ síta ni, kí ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ ilé yín. Ìwọ lo jókòó tì í."

"Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni?"

"Ará Ìsàlẹ̀, mi ò mọ̀."

Bóyá ó ní ara òun kò yá, èmi sì rẹ́rìn-ín. Bóyá ó ní kí n máa bọ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, gbogbo àárò ilé tí oògùn ti gbà lọ́wọ́ mi padà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti igò náà sábẹ́ àpótí, mo ní mi ò tún mu ún mọ́ láéláé.

Ẹ má bi mí bí ọjọ́ tó tẹ̀lé e ṣe rí. Mo ń yán, mo ń gbọ̀n, òógùn tútù bò mí, inú tó le bí òkúta tú bí omi, ìhà mi sì ń jó bí ẹni pé ó ń gbẹ̀san. Ìyá Sàlámátù bá mi lórí ẹní, ojú rẹ̀ le.

"Ṣé torí kí o lè máa joró ni ìyá rẹ ṣe bí ọ? Bó bá wà níbí, ṣé á ní kí o máa yí nílẹ̀ báyìí nítorí ọ̀rọ̀ òun?"

"Ìyá, bó bá wà níbí, mi ò ní nílò láti rántí rẹ̀."

 Ó fà mí dìde, ó di ọwọ́ mi mú dé ilé ìwòsàn.

Apòògùn gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó bá mi wí díẹ̀ pé mo dá a dúró lójijì. Ó ní, "Kì í ṣe pé kí o mu ún tó bẹ́ẹ̀ tàbí kí o má mu ún rárá. Ìwọ̀n wo nínú ìrora yìí lo lè gbé? Ìwọ̀n wo nínú làákàyè rẹ lo lè fi sílẹ̀? Èmi lè sọ ohun tí oògùn ń ṣe. Mi ò lè bá ọ wọn ìyẹn."

A wọ̀n ọ́n, èmi àti Ìyá Sàlámátù, lójú ọ̀nà bí a ti ń bọ̀. Ní ọ̀sán, ata àti òrí, fẹ́ẹ́rẹ́, kí àwọ̀ má bó. Oògùn olómi, díẹ̀ gidi, lẹ́yìn ìrun alẹ́ nìkan, nígbà tí mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, mi ò ní mu ún rárá. Apòògùn fọwọ́ sí i, ó ní kí a máa dín in kù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí a ó fi débẹ̀. Ní ti inú líle, ìbẹ́pẹ ni mo fi ń ṣe é.

Ìrora kò lọ. Kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ó wá dà bí aládùúgbò oníjàgídíjàgan tí mo mọ ìgbà tó ń jáde. Ìyá Sàlámátù sì ṣe ohun kan tí mi ò ní gbàgbé, oògùn tàbí àìsí oògùn. Ó yan òwú tó fẹ́lẹ́ jù nínú ilé, ó hun aṣọ kan tó rọ̀ bí ewé ẹ̀bùrẹ́, ó fọ̀ ọ́ léraléra kí ó tó gbé e lé mi léjìká.

Ó ní, "Ṣé ó ta ọ́?"

Mo dúró. Mo mí. "Kò tíì ta mí."

Inú aṣọ yẹn ni mo wà nígbà tí mo hun èyí tí oníbàárà kan mú lọ́jà, tó ní, "Iṣẹ́ Ìyá Sàlámátù nìyí." Ìyá Sàlámátù kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó yíjú sí mi, ó ṣẹ́jú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rìn nínú Ìlọrin láìwo ẹsẹ̀ ara mi.

Bóyá bí ènìyàn ṣe ń di ará ibìkan nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń kéde rẹ̀. Ọjọ́ kan, ìwọ lò ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n gbé rìn láti Ẹ̀pẹ́ wá bá mi, tó dé ọwọ́ mi, tó sì jábọ́.

Ó pẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n Bùsárí tó tún gba ọ̀nà wa. Ojú mi là kedere lọ́jọ́ yẹn, ìhà mi ń jó, mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì jẹ́ kó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí ẹ jẹ́ fún mi nígbà yẹn, kí ni ìyá mi wí?"

Ó họ orí. Àánú mi ṣe é, mo rí i. "Àbúrò, iṣẹ́ tí mo bá ti jẹ́ tán, mo ti sọ ọ́ kalẹ̀ nìyẹn. Mo ti ru òmíràn." Ó dijú. "Èyí tí mo rù báyìí ni pé ojú ìyá rẹ ti ń ṣú. Ó ní òun fẹ́ fojú rí ọ nígbà tí ojú ṣì wà."

A lọ. Làmídì tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, a sì lọ. Ìyá mi ti kéré sí i. Ó fọwọ́ wá ojú mi bí ẹni ń wá nǹkan nínú igbá, ó fọwọ́ kan imú mi, ó ní, "Òun nìyí." Ilé kún. Àbúrò mi gbé ọmọkùnrin yẹn wá; ó ti ń rìn. Mo jókòó ti ìyá mi, mo ní mi ò ní mu oògùn kankan títí a ó fi padà. Mo fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìrìn àjò ti dá ìhà mi lóró, iná náà ń lọ ó ń bọ̀, mo sì di eyín mọ́ra, mo ń tẹ́tí.

Nígbà tí ilé dá, mo bi í. "Ìyá mi, ẹ rán Ẹ̀gbọ́n Bùsárí sí mi nígbà kan, ọ̀rọ̀ náà gùn. Kí lẹ ní kó sọ?"

Ó ronú, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ta ló rántí? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Ó ṣeé ṣe kí n kàn ní kí ó kí ọ ni. Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí mò ń sọ sí ọ, èyí tí Bùsárí gbé kò tó nǹkan nínú rẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìhà mi ta mí, mo ké fẹ́ẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò ṣú.

"Kí nìyẹn?"

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀: roro, ata, oògùn, ohun tí oògùn ń fún mi àti ohun tó ń gbà. Mo ní ìdí nìyẹn tí mi ò fi mu ún láti ìgbà tí mo ti dé.

Ó ní, "Níbo ló wà?"

"Ó wà nínú ẹrù."

"Lọ mú un wá."

"Ìyá mi, bí mo bá mu ún, mi ò ní rántí ohun tí ẹ bá sọ lálẹ́ yìí."

"Mo wà níbí," ni ìyá mi wí. "Mu ún. Èyí tí o bá gbàgbé, mà á tún un sọ fún ọ lọ́la."

Mo kán an sínú omi, mo mu ún, mo gbé orí lé itan rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nípa àbúrò bàbá mi àti ọkọ̀ ojú omi tó yá tí kò dá padà. Ó ń sọ ọ́ lọ, mo sì jẹ́ kí oorun gbé mi.